Oògùn fún Ọmọ tí Ayé Sú



Lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá kan dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 15, kò jẹun mọ́, kì í sùn lóru, ó sì ń sọ pé ayé sú òun. Dókítà ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ó kọ fluoxetine fún un. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ọmọ lò ó tí ìyá fi kó o pa mọ́. Ó ní: "Olùkọ́, wọ́n ní oògùn yìí máa ń mú kí ọmọdé fẹ́ pa ara rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ní 2004, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó oògùn pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀, kí wọ́n fi ilà dúdú yí i ká, sórí ìwé gbogbo oògùn irú èyí. Wọ́n ti kó ìwádìí 24 jọ, lórí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó lé ní 4,400. Nínú 100 tó lo oògùn, bíi 4 ni èrò tàbí ìgbìyànjú láti pa ara ẹni hàn lára wọn. Nínú 100 tó ń gbé hóró òfo mì, bíi 2. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó pa ara rẹ̀. Ẹni tó bá ìyá yìí sọ̀rọ̀ kò sọ ibẹ̀ yẹn fún un.

Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn dókítà Amẹ́ríkà tẹ èsì ìwádìí mìíràn jáde, lórí ọ̀dọ́ 439 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 12 sí 17. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, nínú 100 tó lo fluoxetine tí wọ́n sì tún ń bá onímọ̀ ìwòsàn ọkàn sọ̀rọ̀, 71 ni ara wọn yá sí i. Oògùn nìkan, 61. Ọ̀rọ̀ nìkan, 43. Hóró òfo, 35. Àwa tí a máa ń rò pé ìyànjú wa nìkan tó, iye yìí pa wá lẹ́nu mọ́ díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹkún ló ń fẹ́ oògùn o. Ọmọ tó fìdí rẹmi nínú BEPC tó sì sunkún lọ́sẹ̀ kan kò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ti kọ oògùn náà, ẹ mọ̀ pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà kó tó ràn án lọ́wọ́, àti pé ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ló yẹ kí ojú wa wà lára ọmọ. Bí kò bá lè jókòó jẹ́ẹ́, bí inú rẹ̀ ń yára ru, bó ń dárúkọ ikú, ẹ gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá tàbí bàbá ni kó máa fi hóró lé e lọ́wọ́. Ẹ má dá a dúró lójijì. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ olówùú, ẹ ti oògùn kòkòrò mọ́ inú àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín.

Ìyá náà ti mú ọmọ padà. Dókítà tún bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, ó sì ń rí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A bẹ bàbá ọmọ pé kó máa bá wọn lọ. Ó ní: "Ilé wèrè kọ́ ni mo bí ọmọ mi sí." A óò tún padà lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé.