Eyín Tó Yọ Síta Kì í Ṣe Ẹ̀bi Ọmọ

Ọ̀rọ̀ eyín ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe èjí ni mo ń wí, nítorí ẹwà ni èjí láàrin wa. Eyín òkè tí í yọ gọngọ síta, tí ètè kò sì lè padé bò ó, ni mo ń sọ.

Ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, mo gbọ́ tí àwọn obìnrin kan ń bá abiyamọ kan wí pé òun ló fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ tí ó ń mu ìka. Òótọ́ ni pé ìka mímu a máa ti eyín síta, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò mu ìka rí. Ẹlẹ́jẹ̀ SS ni, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a fínra. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé-ìwé ti sọ ọ́ ní "eléyín òkété", ó sì ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí ó tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ gbọ́ bí ó ti rí. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le a máa lò tó 120 ọjọ́. Ti ẹlẹ́jẹ̀ SS a máa tẹ̀ bí dòjé, kì í sì í sábà ju 20 ọjọ́ lọ kí ó tó kú. Mùdùnmúdùn inú egungun ni í ṣe òmíràn rọ́pò, nítorí náà a ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, a sì gbilẹ̀ nínú egungun. Lára àwọn ọmọ mìíràn, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè a yọ síwájú, eyín a sì bá a lọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ìwé ìṣègùn òyìnbó ròyìn àrùn yìí lára rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín ni! Walter Clement Noel ni, ọmọ Grenada, tí ó lọ kàwé ní Chicago ní 1904. Dókítà James Herrick kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1910. Noel padà sílé, ó sì ń tọ́jú eyín àwọn ènìyàn rẹ̀ títí ó fi kú ní 1916.

Kí ni ṣíṣe? Bí ọmọ bá ti tó ọdún 7, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tí a dá sílẹ̀ ní Oǹdó ní 2015 ń kọ́ dókítà eyín, ilé ìwòsàn rẹ̀ sì wà ní Oǹdó àti Àkúrẹ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà pé ẹlẹ́jẹ̀ SS ni, kí ó tó fi ọwọ́ kan eyín kankan. Bí ó bá fi wáyà sí i, jẹ́jẹ́ ni yóò máa fà á, kì í sì í ṣe nígbà tí ìrora egungun bá dé. Ó lè ju ọdún kan lọ, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ẹ bèèrè iye rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ máa dá àjọ sí i.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ eyín ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí ó máa fọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí eyín tó kẹ̀ lè ru àìsàn náà sókè.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ bá wa pa orúkọ ẹ̀sín yẹn rẹ́ ní kíláàsì. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.