Ọ̀nà Tó Dá Páropáro

Bí wọ́n bá sọ fún ọmọ Nàìjíríà pé ọ̀nà kan dá páropáro, àyà rẹ̀ á já. Ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni bóyá àwọn ajínigbé ti gba ibẹ̀. Ní Nàmíbíà, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni àwọn àlejò ń wá kiri. Ẹni tó bá háyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré, irú Volkswagen Polo tí ọlọ́lá Àbújá kò ní bojú wò lẹ́ẹ̀mejì, tó sì wà á láti Mariental lọ sí Keetmanshoop ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà, yóò rin ohun tó lé ní 200 kìlómítà lórí ọ̀dà tó tẹ́jú. Ó lè pẹ́ kí ó tó pàdé ọkọ̀ mìíràn. Pápá gbígbẹ na gbalaja lọ́tùn-ún lósì, awakọ̀ á sì máa súfèé.

Ìjọba ló wà lẹ́yìn ìgbádùn yìí. Ní ọdún 1999, Nàmíbíà ṣòfin tó dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa kó owó ọ̀nà jọ, àti òmíràn láti máa la ọ̀nà, kí ó sì máa tọ́jú rẹ̀. Owó ọ̀nà wà lórí lítà epo kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó ti òkèèrè wá ń san tirẹ̀ ní ẹnubodè, ọkọ̀ akẹ́rù ń san gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n rẹ̀ àti bí ó ṣe rìn jìnnà tó. Àlejò tó ra epo sínú Polo ti dáwó sí ọ̀dà tó ń gùn.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò pọ̀. Lóòótọ́ ni: ìkànìyàn ọdún 2023 kà wọ́n sí mílíọ̀nù 3 ó lé díẹ̀, lórí ilẹ̀ tí kò kéré púpọ̀ sí ti Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n èyí gan-an ló yẹ kó mú un nira, nítorí asanwó kéré, ọ̀nà sì gùn. Nàmíbíà kì í ṣe ọ̀run. Púpọ̀ nínú ọ̀nà wọn kò ní ọ̀dà, ẹranko ń dá ọ̀nà kọjá lóru, ìjàm̀bá ọkọ̀ sì ń pa ènìyàn. Àwọn ọ̀nà kan sì ti wà kí wọ́n tó gba òmìnira ní 1990. Síbẹ̀, ogún tí ènìyàn bá nílé, ìtọ́jú ló ń fẹ́.

Òfin Nàìjíríà náà kò ṣàìmọ èyí. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin àjọ FERMA ní 2007 ya ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó epo bẹntiróòlù àti dísẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ọ̀nà. Ọdún pọ̀ tí ó fi wà lórí ìwé lásán. Ní 2023, nígbà tí ará ìlú bínú sí àwọn jíìpù olówó ńlá tí wọ́n rà fún àwọn aṣòfin, lára àwíjàre tó jáde ni pé ọ̀nà kò dára. Baálé ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tó ra agbòjò fún ara rẹ̀ nìkan! Àwọn arìnrìn-àjò Àbújá sí Kàdúná sá kúrò lójú títì lọ sí ojú irin. Àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin náà ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta, 2022.

Kò yani lẹ́nu pé ará ìlú ń fajú ro bí wọ́n bá ti dárúkọ owó tuntun lórí epo. Ìjọba tó bá fẹ́ kí wọ́n san án gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àpò tí owó náà ń wọ̀ hàn, àti ọ̀nà tó fi ṣe. Ọjọ́ tí olùkọ́ kan bá lè fi Corolla ògbólógbòó rẹ̀ kọjá lójú ọ̀nà tó dá páropáro, tí kò wẹ̀yìn, tó ń súfèé, ọjọ́ náà ni ìjọba tó dé ojú ọ̀nà.