Ẹni tí kò lè san pẹ́ńṣọ̀n nánì, kó má gba nánì

Kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹni tó gba nánì ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń ka owó lé e lọ́wọ́ lóṣooṣù láìsí ìwé, láìsí owó orí, láìsí pẹ́ńṣọ̀n, olè ló ń jà. Ọ̀rọ̀ náà le, mo mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ṣe é ló ń jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n á ní, "Ọmọ wa ni, àwa kì í ṣe ọ̀gá ẹ̀." Irọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ sọ àsìkò tó gbọ́dọ̀ dé, ẹ̀yin lẹ sọ ohun tí ọmọ yóò jẹ, ẹ̀yin lẹ sì ń sanwó: agbanisíṣẹ́ ni yín lójú òfin. Pé ó ń pè yín ní "Bọ̀dá" àti "Àǹtí" kò yí i padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò pẹ́ńṣọ̀n ẹ̀. Ká ní £2,300 lẹ ń san lóṣù fún ẹni tó ti pé ọdún 22. Òfin yọ £520 àkọ́kọ́ sẹ́yìn. Nínú £1,780 tó kù, ìdá 3 nínú 100 ni tiyín: £53.40. Aṣọ ẹbí kan ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ìdá 5, ìyẹn £89, ni tirẹ̀, ẹ̀dínwó owó orí sì wà nínú ẹ̀.

Ibi tó ti ń ta wá lára gan-an ni National Insurance, owó ìdójútòfò ìjọba. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025, ìdá 15 nínú 100 ni agbanisíṣẹ́ ń san lórí ohun tó bá ju £5,000 lọ lọ́dún. Lórí owó oṣù tá a ń wí yìí, ó lé ní £280 lóṣù. Ẹ̀dínwó tí ìjọba ń fún oníṣọ́ọ̀bù kékeré lórí ẹ̀, wọn kì í fún ẹni tó gba nánì. Ìyẹn ò dáa, kí á bá ìjọba fà á. Ṣùgbọ́n kí ló kan nánì tí òun yóò fi forí fá a? Ọdún 35 ni èèyàn gbọ́dọ̀ ní nínú àkọsílẹ̀ National Insurance kó tó gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba ní kíkún. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé ọdún 10, òfo ló máa ń bá níbẹ̀. Ọdún tí ẹ fi ń sanwó ní ìdákọ́ńkọ́, ọdún tirẹ̀ lẹ ń jẹ.

"Òun fúnra ẹ̀ ló ní ká má yọ owó kankan." Kò sẹ́ni tó lè yọ ara ẹ̀ kúrò nínú owó orí. Ní ti pẹ́ńṣọ̀n, ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ ẹ̀ sí i. Bí kò bá fẹ́, òun ni yóò fọwọ́ ara ẹ̀ yọ ọ́ láàárín oṣù kan. Bí ẹ bá tì í láti ṣe é, ẹ ti rú òfin.

Ọmọ tíṣà ló pọ̀ nínú wa. Nílẹ̀ wa, a rí bàbá wa lórí ìlà àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá. A ṣépè fún gómìnà títí. Bàbá tiẹ̀ ní fáìlì o. Kí ni nánì yín máa gbé lọ sórí ìlà tirẹ̀?

Ẹni tí agbára ẹ̀ kò ká a, nọ́sírì wà. Ẹni tó bá fẹ́ nánì, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba, kí owó oṣù àkọ́kọ́ tó jáde, kó sì lọ bá NEST, àpò pẹ́ńṣọ̀n tí kì í kọ agbanisíṣẹ́ kankan. Ẹni tó bá kọ etí ikún sí ìkìlọ̀ lórí pẹ́ńṣọ̀n, £400 ni ìtanràn àkọ́kọ́; lẹ́yìn náà, ó lè di £50 lójúmọ́.