Oníṣòwò Sólà Tó Ní Kí Ẹ Sanwó Lónìí

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Gwagwarwa, ní Sabon Gari àti káàkiri ìlú Kánò, ọ̀rọ̀ iná ló gbé wa wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná la fẹ́ bá wí. Àwọn tó ń kanlẹ̀kùn wa nírọ̀lẹ́ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: àwọn tó ní àwọn fẹ́ bá wa gbé sólà sórí òrùlé, àwọn tó ní páànù wa ti jẹrà, àwọn tó ní irú àjà tó wà nílé wa kò bá ayé mu mọ́, tí gbogbo wọn sì ń sọ pé bí a kò bá sanwó lónìí, nǹkan ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Ẹ má ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé sólà kò dára. Ta ni kò fẹ́ iná? Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, jẹnẹrétọ̀ ti di ohun tí èèyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì kó tó tàn án. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní ìpele tí wọ́n ń pè ní Band A láti náírà 68 sí náírà 225 lórí yúníìtì kan. Nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, wáyà ńlá tó ń gbé iná láti Shiroro lọ sí Kàdúná bàjẹ́, òkùnkùn sì bo Kánò àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lókè Ọya fún bí ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀. Ẹ rántí bí ẹran àti ẹja ṣe ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi fíríìjì ṣòwò, tí àwọn aránṣọ jókòó ti ẹ̀rọ wọn láìrí iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí kò rí iná fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko ti ra sólà tán nínú ọkàn rẹ̀. Ẹni tí yóò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ló kù. Àwọn tí a ń sọ yìí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn kì í dá wá, méjì-méjì ni. Ọ̀kan á máa sọ̀rọ̀, èkejì á máa wo òkè. Wọ́n fẹ́ràn láti wá nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, tàbí ní ọ̀sán tí ọkọ kò sí nílé. Wọn á ní méjì péré ló kù nínú ọjà náà. Wọn á ní lándílọ́ọ̀dù tó wà ní ìkọjá ọ̀nà ti sanwó tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá bi lándílọ́ọ̀dù ọ̀hún, yóò ní òun kò tíì rí irú wọn rí. Wọn á ní ẹ̀dínwó yìí yóò tán ní aago mẹ́fà. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ pe ọmọ yín ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn á ní kí ẹ pè é báyìí-báyìí kí àwọn náà bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì tó mọ̀, ọmọ ti ń fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì ẹni tí kò rí sójú rí.

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa, opó ni, ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń gbé. Àwọn ọmọkùnrin méjì kan dé bá a ní ọ̀sán. Bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, ọ̀kan jáde, ó ní òun fẹ́ yọjú wo òrùlé. Ìyá sọ fún wa pé bí òun ṣe fẹ́ sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rò ó wò, ìṣó ti ń já bọ́ láti òkè. Wọ́n ti ṣí páànù! Wọ́n ní òun náà rí i pé àwọn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó àjọ rẹ̀ àti èyí tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ ló lọ síbẹ̀. Kí ọyẹ́ tó parí lọ́dún yẹn, iná náà kò dé aago mẹ́sàn-án alẹ́ mọ́, fóònù àwọn ọmọkùnrin náà kò sì lọ mọ́. Nígbà tí òjò wá dé, omi ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ẹ má sọ pé ìyá kò gbọ́n. Obìnrin yìí ta aṣọ fún ọdún pípẹ́. Kò sí ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ ní ìsọ̀. Ohun tó yẹ kí a bi ara wa nìyí: kí ló dé tí ẹni tó mọ ọjà ná báyìí kò lè ná an nínú ilé ara rẹ̀? Bí a bá lọ sí Kofar Ruwa láti ra páànù tàbí irin, a ó ná an, a ó ṣe bí ẹni ń lọ, a ó lọ lóòótọ́, a ó dé ìsọ̀ kejì àti ìkẹta, ẹni tó ń tajà kò ní bínú, ojú kò sì ní ti àwa náà. Ṣùgbọ́n nínú pálọ̀ wa, àlejò ni oníṣòwò. A ti gbé àga fún un, a ti bu omi tutù fún un. Ó ti dọ̀bálẹ̀, ó ti pè wá ní dádì àti mọ́mì, ó ti béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Ó ní ọmọ Ọ̀fà ni òun, tàbí pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí bàbá òun. Àwa tí a wà nílẹ̀ Hausa láti ayé baba wa, bí a bá gbọ́ èdè ilé lẹ́nu ọ̀nà, ìlẹ̀kùn wa kì í pẹ́ ṣí. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ní kí a sanwó, ó máa ń dà bíi pé a fẹ́ lé ọmọ ẹni jáde tí a bá ní rárá. Ìtìjú yìí gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà. Sólà kàn jẹ́ ohun tí wọ́n fi wé e ni.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ bá yín sọ kò pọ̀: kí ẹnikẹ́ni má ṣe sanwó fún iṣẹ́ ilé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá bá a. Ọjọ́ mẹ́ta ni kí ó kọjá. Kí ẹnì kankan má sì gun òrùlé yín kí ọjọ́ mẹ́ta náà tó pé.

Wọn á ní dọ́là kò ní dúró de yín. Lóòótọ́, dọ́là ti fi ojú wa rí màbo láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là kan ti kọjá náírà 1,500. Àwọn tí wọ́n lé eré láti sanwó nígbà náà, ṣé ẹ rántí pé ní àárín oṣù kẹrin ó ti wálẹ̀ dé nǹkan bíi 1,100 sí 1,200, kó tó tún gbéra? A kò sọ pé kí ẹ máa ta tẹ́tẹ́ lórí dọ́là. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó ní òun mọ ohun tí dọ́là yóò dà lọ́la, irọ́ ló ń pa, ọjọ́ mẹ́ta kò sì lè sọ ẹnikẹ́ni di òtòṣì.

Kí ni kí ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta náà ṣe? Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Wọn á sọ fún yín pé bátìrì kan ṣoṣo yóò gbé gbogbo ilé di òwúrọ̀. Ẹ mú bátìrì olómi tí wọ́n kọ 220Ah sí lára, tó jẹ́ fóólìtì 12. Ẹ fi 12 sọ 220 di púpọ̀, ẹ ó rí 2,640. Irú bátìrì yìí kò ṣe é fà ju ìdajì lọ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, nítorí náà 1,320 ni tiyín. Ẹ wá ka ohun tó wà nílé: fáànù mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 70, gílóòbù mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 10, tẹlifíṣàn kan tó ń jẹ 80. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 460. Ẹ fi 460 pín 1,320, kò pé wákàtí mẹ́ta, ẹ̀rọ inverter náà yóò sì jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí iná bá lọ ní aago méje, kó tó di aago mẹ́wàá ẹ ti wà nínú òkùnkùn. Àwa tí ilé ẹ̀kọ́ girama là ń pè ní òpin ìwé wa, a lè ṣe ìṣirò yìí, ọmọ yín tó wà ní kíláàsì kejì girama náà lè ṣe é. Bátìrì lithium ṣe é fà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò kéré, ìyẹn ló fi yẹ kí ẹ mọ èyí tí wọ́n ń tà fún yín gan-an.

Ẹ tún wo òrùlé. Níbi tí Kánò wà lórí ilẹ̀ ayé, ìhà gúúsù ni ó yẹ kí pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí, kó sì dagun díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yára gba owó yìí, ibi tí páànù bá ti dagun sí ni wọ́n ń kàn án mọ́, ìbáà jẹ́ àríwá. Bí wọ́n bá lu ihò sí páànù àtijọ́ láìdí i, omi òjò yóò wọlé. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ níbí, ẹ mọ̀ ọ́n, ó ń ṣí òrùlé tó le pàápàá. Eruku ọyẹ́ sì ń bo ojú pánẹ́ẹ̀lì débi pé bí ẹnì kan kò bá máa nù ún, agbára rẹ̀ yóò dínkù. Ṣé wọ́n sọ èyí fún yín? Ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ mú yín lọ sí ilé kan tó ti ṣe irú rẹ̀ fún, tí ọyẹ́ kan àti òjò kan ti kọjá lórí rẹ̀. Bí kò bá rí ilé kan ṣoṣo mú yín dé ní gbogbo Kánò, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Àwa nìkan kọ́ ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń tajà láti ojúlé sí ojúlé ti yọ àwọn onílé lẹ́nu débi pé láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni ìjọba wọn ti ṣòfin pé ẹni tó ra irú ọjà bẹ́ẹ̀ nínú ilé rẹ̀ lè yí ọkàn padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, kó sì gba owó rẹ̀. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 14 ni wọ́n fún wọn. Níbí, òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 ní abala 124 tó sọ pé oníṣòwò kò gbọdọ̀ fi ipá, ìhàlẹ̀ tàbí ìyọlẹ́nu mú èèyàn rajà. Àjọ FCCPC ló ń mójú tó o. Ó dára láti mọ̀ pé òfin wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́, tí kò ní ìsọ̀, tí kò kọ orúkọ sórí rìsíìtì, ta ni ẹ fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ìdí nìyí tí ọjọ́ mẹ́ta tiwa fi gbọdọ̀ ṣáájú owó, kì í ṣe kó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá sì fẹ́ sanwó, ẹ pín in sí mẹ́ta: díẹ̀ nígbà tí ọjà bá délẹ̀ tí ẹ sì ti kọ nọ́ńbà ara bátìrì àti pánẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e tán, ìyókù lẹ́yìn tí iná bá ti lò tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Àwọn ọmọ wa kan tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti wá bá wa, wọ́n ní a fẹ́ ba ọjà àwọn jẹ́. A gbọ́ wọn. Iṣẹ́ gidi ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ṣe é dáadáa. Ọ̀kan wà ní àdúgbò wa tó jẹ́ pé ṣe ló máa ka fáànù yín kó tó dárúkọ iye owó, bí páànù yín kò bá sì lè gbé e, yóò sọ fún yín pé kí ẹ tún òrùlé ṣe ná. Ọjọ́ mẹ́ta kò pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára rí.

Ní ti ìtìjú tí a sọ, àwa àgbà àdúgbò ti rí ohun kan tí a lè ṣe sí i. Ẹ fi wá ṣe àwáwí. Bí ọmọ náà bá dọ̀bálẹ̀ títí tí àyà rẹ̀ fi kan ilẹ̀, ẹ kí i dáadáa, ẹ fún un ní omi, kí ẹ sì sọ fún un pé: ọmọ mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa ní a kò gbọdọ̀ sanwó iṣẹ́ ilé kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, mi ò lè rú òfin wọn. Bó bá fẹ́ bínú, kó wá bínú sí wa. Ẹ̀yin ọmọ tó wà ní Èkó àti lókè òkun náà, bí ìyá tàbí bàbá yín bá pè yín pé kí ẹ fi owó ránṣẹ́ kíákíá, tí ẹ sì ń gbọ́ ohùn àjèjì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pa fóònù, kí ẹ pè wọ́n padà lálẹ́.

A ti bá àwọn oníná mẹ́ta kan ní Gwagwarwa sọ̀rọ̀ tí wọn kò ta sólà, tí wọ́n gbà láti máa bá àwọn àgbàlagbà wa wo ohun tí wọ́n bá fẹ́ rà, kí wọ́n sì gun òrùlé wò ó. Owó ìbẹ̀wò nìkan ni wọn yóò gbà. Ẹni tó bá fẹ́ wọn kó rí akọ̀wé lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Àìkú, kó sì mú ìwé iye owó tí wọ́n kọ fún un dání.