Wáìnì Lórí Tábìlì, Ẹmu Lẹ́yìn Ilé

Ẹ lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìdànrè lónìí, kẹ́ ẹ wo tábìlì àwọn èèyàn pàtàkì. Ìgò wáìnì pupa ló máa wà níbẹ̀, tí orúkọ oko àjàrà ilẹ̀ òkèèrè wà lára rẹ̀. Ẹmu ń kọ́? Ẹmu wà lẹ́yìn ilé, nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ra epo tẹ́lẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn onílù àtàwọn tó ń dáná. Àwa ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má mu wáìnì o. Ibi tí wọ́n gbé ẹmu sí ló ń bí wa nínú.

Kódà, ọ̀pọ̀ wa ò fẹ́ràn wáìnì ọ̀hún. Èyí tí kò dùn, tó ń fa ahọ́n jọ, la máa ń fojú rírún mu, tá a sì máa ń ya fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram. (Ohun tó ń fa ahọ́n jọ yẹn wà nínú obì náà. Tannin ni wọ́n ń pè é. Àwọn bàbá wa ti ń jẹ ẹ́ lẹ́nu kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ Bordeaux.)

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ wo àwọn tó ni wáìnì. Àfonífojì odò Douro, ní àríwá ilẹ̀ Pọ́túgàl, òkè olókùúta ni. Ńṣe ni wọ́n gé ara òkè bí àtẹ̀gùn kí wọ́n tó ríbi gbin àjàrà. Ọmọ Ìdànrè tó bá débẹ̀, òkè ò ní bà á lẹ́rù. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1750, orúkọ wáìnì wọn ti bàjẹ́, torí pé àwọn oníṣòwò ń ṣe àbùlà rẹ̀. Wọ́n ń fi omi èso igi mìíràn pa á láró kó lè pupa dáadáa. Kí nìjọba wọn ṣe? Lọ́dún 1756, Marquês de Pombal pààlà sí ilẹ̀ náà. Wọ́n ri òpó òkúta mọ́lẹ̀ láti fi sàmì sí ibi tí wáìnì gidi ti ń wá, wọ́n sì pàṣẹ pé kí wọ́n hú igi àbùlà yẹn dànù. Òpó òkúta, ẹ̀yin èèyàn wa! Kí ló pọ̀ ní Ìdànrè ju òkúta lọ?

Gbogbo wa la mọ ohun tójú ẹmu ń rí. Kẹ́ẹ̀gì kan tó kúrò lọ́wọ́ adẹ́mu láàárọ̀ ti di méjì kó tó dọ́jà: omi ni wọ́n bù sí i, sákárínì ni wọ́n fi mú un dùn. Ti ògógóró, tí wọ́n ń sè látara ẹmu, tún burú jùyẹn lọ. Lọ́dún 2015, ní Òde-Ìrèlè, nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, ẹ̀mí ṣòfò, àjọ WHO sì sọ pé methanol ló fà á. Ìjọba àpapọ̀ wá fòfin de ògógóró lódindi. Bí àwọn òyìnbó amúnisìn náà ṣe ṣe é nìyẹn, tí wọ́n sọ ọtí wa di ohun tí ọlọ́pàá ń wá kiri nígbà tí jíìnì tiwọn ń wọlé láti èbúté. Ìfòfindè máa ń yá ìjọba wa lára. Kí wọ́n pààlà, kí wọ́n ṣàyẹ̀wò, kí wọ́n fún ọtí gidi lórúkọ, ìyẹn ni ò yá wọn lára.

Wọ́n á ní ẹmu ò ní sùúrù. Òótọ́ ni. Látìgbà tó bá ti ń kán sínú akèrègbè ni ìwúkàrà ti ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì ó ti le, lẹ́yìn náà ó di kíkan. Ṣùgbọ́n FIIRO ní Òṣòdì àti NIFOR nítòsí Benin ti ń rọ ẹmu sínú ìgò tipẹ́: wọ́n á fi ooru pa ìwúkàrà náà. Adùn rẹ̀ kì í ṣe bákan náà, a gbà. Hóhó inú rẹ̀ ti lọ. Ṣé ìdí nìyẹn tá a fi máa káwọ́ gbera?

Ẹ gbọ́ èyí. Títí di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, wáìnì dídùn tó ń jẹ́ port ni aráyé mọ Douro mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Fernando Nicolau de Almeida ló pinnu pé òun á ṣe wáìnì pupa tí kò dùn, tó máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Faransé. Oko kan tó ń jẹ́ Quinta do Vale Meão ló ti ṣe é. Ooru ibẹ̀ pọ̀, kò sí iná mànàmáná, torí náà wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé yìnyín wá láti etí òkun kí wáìnì tó ń hó má baà bàjẹ́. Ọtí tó tibẹ̀ jáde ni Barca Velha, ti ọdún 1952 ni àkọ́kọ́ rẹ̀. Kẹ́ni tó ń di ẹ̀bi ru NEPA tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ sọ.

Ọdún 1952 yẹn náà ni wọ́n tẹ ìwé Amos Tutuola, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ayé ka ìtàn ọkùnrin kan tó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Àwa ò tiẹ̀ wá tiwa dé ìdí ọ̀pẹ.

Ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n wa. Àgbẹ̀ kòkó ní Ìdànrè ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó tútù fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ó ń yí i, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó mọ̀gbà tó tó sá. Ìwúkàrà ló ń bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà. Ohun tó wọ́n ni ẹni tó máa gun ọ̀pẹ. Adẹ́mu ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ sórí igbà, alágbàtà sì ń jẹ èrè. Ta ló máa kọ́ ọmọ ẹ̀ níṣẹ́ yẹn, nígbà tí ọ̀kadà wà?

UNESCO ti ka Douro mọ́ ogún àgbáyé láti 2001. Òkè Ìdànrè wà lórí àkọsílẹ̀ àwọn tó ń dúró láti 2007. Àlejò á gun àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta, á sọ̀ kalẹ̀ tòun ti òùngbẹ. Kí nìdí tí kò fi yẹ kó bá ẹmu níbẹ̀, tí a kọ orúkọ oko, orúkọ adẹ́mu àti ọjọ́ tó dá a sí lára?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́dún yìí, ẹ bá adẹ́mu kan sọ̀rọ̀ lóṣù kan ṣáájú, kẹ́ ẹ sanwó fún un tààrà, láìsí alágbàtà. Kó gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Orí tábìlì àwọn àgbà ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí MC dárúkọ ẹni tó dá a.