Orúkọ Ọmọ Rẹ Ha Wà Nínú Ìwé Bí?

Nígbà tí Késárì pàṣẹ pé kí a kọ orúkọ gbogbo ènìyàn sínú ìwé, Josẹfu àti Maria gbéra láti Nasareti lọ sí Betlehẹmu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ ìbí Maria ti súnmọ́ tòsí. Wọn kò wí pé ọ̀ràn ìwé kò kan àwọn.

Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, Àjọ Ètò Ìkànìyàn ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímòṣọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà. Iye tí àwọn tìkára wọn kà ni 2,047,026. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ju ọ̀kẹ́ méjìdínlógójì lọ! Nígbà tí ìyá bá sì ń bu oúnjẹ, iye orí tí ó kà ni ó ń bu ú fún. Bí àwọn àgbà kò bá fi ohùn kan sọ iye wa, ta ni yóò mọ iye àga tí a ó tò de àwọn ọmọ kékeré ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Ìgandò?

Òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ní láti pèsè. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti ọdún 2013 sì ya ọdún kan sọ́tọ̀ fún ọmọ ọdún márùn-ún, kí ó tó wọ kíláàsì kìíní ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Síbẹ̀ òbí púpọ̀ kò mọ èyí. Ẹni tí ó lówó a sáré lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, èyí tí ìjọba Èkó kà ju 12,000 lọ ní ọdún 2010 sí 2011. Ẹni tí kò lówó a sì fi ọmọ sílẹ̀ nídìí àtẹ títí yóò fi di ọmọ ọdún méje.

Àṣìṣe mìíràn tún wà. Àwọn mìíràn a máa sọ ọmọ ọdún mẹ́rin di ọmọ ọdún mẹ́fà nítorí kí ó lè tètè wọlé. Irọ́ ni, ọmọ ni ó sì ń jẹ ìyà rẹ̀: ọwọ́ rẹ̀ lè má tíì di gègé mú dáadáa, a ó sì máa pè é ní olódo. Ìwé orúkọ pẹ̀lú yóò di ìwé irọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí olùkọ́ fi í mọ iye ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí ó wà níwájú rẹ̀, àti ọjọ́ orí wọn.

Àwa Yorùbá ń pe irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní jẹ́lé-ó-sinmi. Orúkọ náà dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí ilé lè sinmi nìkan ni a fi ń rán ọmọ lọ. Níbẹ̀ ni ó ti ń kọ́ láti jókòó, láti gbọ́ràn, àti láti bá ọmọ ẹlòmíràn pín nǹkan. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Nítorí náà, kí sáà tuntun tó wọlé, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ dání, ìbáà ṣe ọkùnrin ìbáà ṣe obìnrin, kí ẹ tọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó súnmọ́ yín lọ. Ẹ béèrè kíláàsì ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ sọ ọjọ́ orí rẹ̀ ní òtítọ́, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú yín.