Ìgbátí Ilé Wa

Nínú Deutarónómì 22:8, Ọlọ́run pàṣẹ kí ẹni tó bá kọ́lé tuntun ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa já bọ́. Òrùlé tiwa kò tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tiwọn, ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ wà ní yàrá. Bí ọmọ kékeré bá fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ jáde, tó ń gùn ún bí àkàsọ̀, gbogbo rẹ̀ lè wó lu ọmọ náà, pàápàá bí tẹlifíṣọ̀n bá wà lókè.

A máa ń sọ pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ọmọ. Òótọ́ ni. Ọlọ́run kan náà ló ní ká ṣe ìgbátí. Nílé, màmá àgbà àti aládùúgbò ń bá wa wo ọmọ. Ní ìdálẹ̀, ìyá nìkan ló wà, ó sì lè wà ní ilé ìdáná.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé, kí ẹ pe káfíńtà kó fi irin kàn án mọ́ ògiri. Ẹ kó ẹrù tó wúwo sísàlẹ̀, ẹ má sì gbé ohun ìṣeré ọmọ sókè rẹ̀.

Lálẹ́ òní, ká tó kúnlẹ̀ gbàdúrà ààbò, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ mi kọ́bọ́ọ̀dù yẹn wò. Olúwa yóò pa àwọn ọmọ wa mọ́. Àmín.